Àwọn Ọjọ́ Ajé Mísì Ozella

Ẹni tó ń ṣe irun, ẹ̀yìn oníbàárà ló máa ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí ohun tí gbogbo ìlú Harkins kò rí fún ọgọ́ta ọdún. Orí èjìká Màmá Ludie ni mo ti rí i, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ìyarun gbígbóná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Jeralyn Suggs lorúkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù irun tí mò ń jókòó tì lẹ́bàá ojú irin yìí, Mísì Ozella Gathings, àbúrò ìyá ìyá mi, ló dá a sílẹ̀. Nígbà ayé wọn, aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ dìbò ní Mississippi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí kóòtù, kí ó ka abala tó bá wu akọ̀wé nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀, kí ó dà á kọ, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ akọ̀wé lọ́rùn. Kì í tẹ́ akọ̀wé lọ́rùn. Bó jẹ́ tíṣà ló lọ, wọn á ní ó fìdí rẹmi.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù irun ló máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Mísì Ozella náà a ti ilẹ̀kùn iwájú, wọn a ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀, àwọn ènìyàn wa a sì máa yọ́ wọlé wá kọ́ ìwé kíkà. Kò sí òyìnbó tó lè lé Mísì Ozella kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí orí àwọn obìnrin dúdú ni oúnjẹ wọn wà. Nígbà tí àwọn ọ̀tá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù. Àga kan ṣoṣo ló yọ nínú iná náà. Ó wà lọ́dọ̀ mi dòní, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì dúdú níbi tí iná ti lá a. Sátidé Sátidé ni mo máa ń fi òróró nù ún. Mo gbé fọ́tò Mísì Ozella kọ́ sókè dígí, mo sì máa ń yangàn pé kò sí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún wọn tó mi ní gbogbo agbègbè yìí.

A wá ní àṣà kan. Ọmọbìnrin tó bá pé ọdún méjìdínlógún ládùúgbò wa, orí àga yẹn ni yóò jókòó sí, èmi yóò sì ṣe irun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lè lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyarun kan orí rẹ̀ àfi tí a bá ka abala kẹrìnlá ìwé òfin sókè. Màmá Ludie Broadnax ló máa ń kọ́kọ́ kà á, ọmọ náà á wá kà tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni Màmá. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tí Mísì Ozella kó lọ sí kóòtù lọ́dún 1963, Màmá nìkan ló kù láyé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Màmá lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni akọ̀wé ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, Zariah ló kàn, ọmọ ọmọ Vernice. Vernice ló ni àga kejì nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ pa diráyà!" Vernice kígbe. "Màmá fẹ́ kàwé!"

"Vernice, ẹnu ẹ ló yẹ ká pa," Màmá Ludie ní. "Diráyà ò pariwo tó ẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo mú ìwé fún Màmá láti orí tábìlì, mo lọ dúró sẹ́yìn wọn, mo ń yẹ ìyarun wò bóyá ó ti gbóná. Màmá gbé awò ojú wọ̀, wọ́n na ìwé jìnnà sójú díẹ̀, wọ́n fi ìka lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó máa ń mú kí àwọn ọmọdé dẹ́kun jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù:

"A kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí, tàbí òmìnira, tàbí ohun ìní lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́nà tí òfin là sílẹ̀."

Mo wolẹ̀ lórí èjìká wọn. Ìwé tí mo ṣèèṣì fún wọn kì í ṣe ìwé òfin. Ìwé tí a to orúkọ oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sí ni. Ẹja àrọ̀ díndín. Sàláàdì kábéèjì. Búrẹ́dì àgbàdo. Tíì tútù oníṣúgà. Ìka Màmá ń rìn láti orí ẹja bọ́ sórí kábéèjì, ó sì dúró lórí búrẹ́dì níbi tí wọ́n ti sọ pé òmìnira. Wọn kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni ara mi bù máṣọ. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, mo wá èyí tó tọ́ fún Zariah, mo ṣe irun ọmọ náà tán. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni inú fi bí mi. Mo ń fọ àwo, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú ń kó ọmọ wọn wá kí wọ́n lè gbọ́ obìnrin tó ka ìwé òfin sójú òyìnbó, àṣé kò mọ A yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Mo rò pé wọ́n ti tàn wá jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, èmi Jeralyn tí mo mọ ohun gbogbo.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá máa ń wá fọ irun. Orí wọn wà nínú abọ́ ìfọrun, ojú wọn dì, omi ń ṣàn. N kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ìwé tí ẹ kà ní Sátidé…"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹja àrọ̀ ni."

Wọn kò la ojú. "Ẹja àrọ̀ báwo?"

"Ìwé oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣèèṣì fún yín. Ẹja, kábéèjì, búrẹ́dì àgbàdo."

Nígbà tó yá, ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Ó kéré tán, ẹ jẹun kánú," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín náà títí ó fi di ẹkún, mo sì pa omi kí n lè gbọ́ wọn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Vernice ńkọ́?"

"Màmá, bí Vernice bá mọ̀, wọn ì bá ti máa sọ ọ́ ní Memphis."

"Òótọ́ ni." Wọ́n fa aṣọ ìnura bo ojú. "Inú oko òwú ni mo dàgbà, Jeralyn. Wọ́n ní tí òwú bá tán lóko ni a máa lọ sílé-ìwé, òwú ò sì tán. Ozella mọ̀. Òun nìkan ló mọ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè kọ orúkọ mi. Ó kọ́ mi ní ábídí, láti A dé H. Abala kẹrìnlá yẹn, ó fẹnu kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ lórin, bóyá akọ̀wé á ṣèèṣì fún mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò fún mi ní kẹrìnlá rí."

"Kí wá ni ẹ̀ ń ṣe níwájú ọkùnrin yẹn?"

"Mo máa ń jókòó. Màá mú kálàmù, màá máa ya lẹ́tà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ya àwòrán adìyẹ. Mi ò mọ̀ bóyá orí ló wà lókè ni àbí ẹsẹ̀. Ìgbà mìíràn, wákàtí méjì."

"Ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa fìdí rẹmi?"

"Ọmọ, kí n tó wọ bàtà nílé ni mo ti fìdí rẹmi. Òun ló rò pé òun lòun gbé mi ṣubú."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń lọ?"

Màmá ṣí ojú, wọ́n wo òkè àjà. "Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwa dúdú ò fẹ́ dìbò, pé kò tiẹ̀ kàn wá. Ozella ní ẹnì kan ṣoṣo ò lè já irọ́ yẹn, àfi ká pọ̀ débi tí ìlà wa á fi yọ síta ẹnu ọ̀nà kóòtù, kí gbogbo ayé rí i. Mi ò ní ìwé tí mo lè gbé lọ. Ara ni mo ní. Mo gbé ara lọ."

Wọ́n ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ti kóòtù dé, obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń se oúnjẹ fún ti gbọ́. Ó ti kó épúrọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dáná síta, ó tẹ́ ẹ sórí ọgbà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, àwọn kan yìnbọn lu fèrèsé wọn, gíláàsì fọ́ sórí ibùsùn ọmọ. Màmá gbọn gíláàsì kúrò lórí ibùsùn. Wọ́n lọ nígbà kẹrin. Wọ́n lọ nígbà karùn-ún.

Orí mi wú. Ìbínú mi fò lọ, n kò mọ ibi tó gbà. Ẹni tó ní ìrètí lè lọ jókòó síwájú ìkà, ìrètí ló ń tì í lẹ́yìn. Obìnrin yìí mọ̀ pé òun kò lè yege, ó lọ gba ìyà fún ìlà tó gùn. Èmi wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ojú sì tì mí dé inú egungun.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò parí ìwé yín?"

"Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù. Kí Ozella tó tún un kọ́ tán, ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìdánwò, gbogbo wa sì ti forúkọ sílẹ̀. Ilé-ìwé ọjọ́ Ajé parí, kálukú ń jó, ó ń yọ̀. Ojú tì mí láti sọ pé H ni mo ṣì wà. Nígbà tí wọ́n ti ń sọ káàkiri pé 'Ludie kàwé sójú òyìnbó', báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe ìtìjú ló ń dùn mí báyìí. Dókítà ojú ní Jackson sọ pé tó bá fi máa di Kérésì, mi ò ní ríran mọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi lé mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

"Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé," mo sọ.

"Ọjọ́ Ajé lo fi ń sinmi."

"Òun náà ni Mísì Ozella ì bá fi sinmi."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé àga ni mo ti ń nù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí àga, n kò fọwọ́ kàn án rí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ilẹ̀kùn iwájú, mo ṣí ti ẹ̀yìn. Màmá jókòó sórí àga tó yọ nínú iná. Mo mú tìróò ìkunpéńpéjú tó dúdú jù lọ, mo kọ A gàdàgbà sára dígí.

"Nu ìyẹn kúrò," Màmá sọ. "Ozella ti ṣe tiẹ̀ dé H. Orí I ni tìẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo fẹ́ bá wọn jiyàn, mo ní ọgọ́ta ọdún ti kọjá, ó yẹ ká fi rán ara wa létí. Wọ́n gba tìróò lọ́wọ́ mi. Wọ́n dìde, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́jọ sára dígí, láti A dé H, kedere, láìsí àṣìṣe, pẹ̀lú ìrù kékeré kan lára G. Mo mọ ìrù yẹn. Ó wà lára orúkọ Gathings tí Mísì Ozella fọwọ́ ara wọn kọ sábẹ́ fọ́tò òkè dígí náà. Mo nu A tèmi kúrò. Mo kọ I.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn. Nígbà tí wọ́n pe N ní M fún ìgbà kẹsàn-án, mo pariwo mọ́ wọn.

"Ozella kì í pariwo," Màmá sọ, "àwọn oníbọn sì ń wa ọkọ̀ kọjá níta lásìkò tiẹ̀. Ìwọ, kí ló ń lé ẹ?"

Ní oṣù karùn-ún, Vernice padà wá mú ṣájà fóònù tó gbàgbé, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ó rí dígí. Ó rí Màmá tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ara ike ọṣẹ ìfọrun, tí ètè wọn ń mì. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Màmá ka ìlà kan tán, ó ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Ta ni akólòlò?" Màmá bi í.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ máa kà á lọ."

Láti ọjọ́ náà, Vernice ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá lọ́jọọjọ́ Ajé, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Mo fi èyí kún iṣẹ́ ìyanu.

Ojú Màmá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ìwé sí i ni mo ń kọ ọ́ tóbi sí i, títí ọ̀rọ̀ kan fi ń gba gbogbo dígí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa ń lálàá pé ìmọ́lẹ̀ kú kí a tó dé ìparí ìlà. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, wọ́n gbé tìróò kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó tó. Mú mi lọ sí kóòtù lọ́la. Kí a tó lọ, ṣe irun mi. Ozella máa ń ṣe irun gbogbo wa kí a tó lọ. Ó ní tí wọ́n bá ń wá àléébù, kí wọ́n má rí i lórí wa."

Mo fi ìyarun gbígbóná na irun funfun náà títí tó fi ń dán.

Quintella Moody ni akọ̀wé kóòtù nísinsìnyí. Èmi ni mo ń di irun fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹlẹ́kún gbáà ni. Ó dìde lẹ́yìn kàńtà nígbà tó rí wa.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Ludie. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Mo wá ṣe ìdánwò."

"Ìdánwò wo, Màmá? Orúkọ yín ti wà níbí láti ọdún 1965."

"Ìdánwò ìwé òfin."

Quintella wò mí. Mo wo ilẹ̀. "Màmá, wọ́n ti fagi lé ìyẹn kí wọ́n tó bí mi."

"Èmi ò fagi lé e," Màmá wí. "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fìdí rẹmi nídìí kàńtà yìí. Mi ò mọ̀wé nígbà náà, Quintella. Mi ò mọ ọ̀kan. Mú ìwé wá."

Wọ́n sọ ọ́ sókè, níwájú gbogbo ènìyàn. Ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lẹ́yìn wa, wọ́n wá gba ìwé ìgbéyàwó. Àgbàlagbà dúdú kan wà lẹ́bàá ògiri tó ń dúró de ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Kálukú gbọ́. Quintella wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ìwé òfin ńlá jáde.

"Abala wo ni kí n ṣí, Màmá?"

"Èyí tó bá wù ẹ́. Ṣáà má fún mi ní kẹrìnlá."

Quintella di ojú, ó ṣí i. Abala kẹrìnlélógún ni. Màmá yọ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá nínú báàgì, wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo… ilé ẹjọ́… gbọ́dọ̀ wà… ní ṣíṣí."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n há. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó há wọn. Ó ń ta mí lẹ́nu, mo fi eyín di ahọ́n mi mú. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ọmọkùnrin yẹn yọ fìlà rẹ̀. Màmá padà sẹ́yìn, wọ́n pe lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde. Wọ́n ń bá a lọ: pé ẹnikẹ́ni tí a bá ṣe níbi, ìbáà ṣe lórí ilẹ̀ rẹ̀, ẹrù rẹ̀, ara rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀, yóò rí àtúnṣe gbà lọ́nà òfin. Fóònù ọ́fíìsì dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kò sí ẹni tó jókòó mọ́. N kò mọ ìgbà tí àwọn èèyàn dìde.

"A ó sì ṣe ẹ̀tọ́… àti òdodo… láìtà á… láìfi du ni…" Wọ́n nu ojú, wọ́n tún tẹ̀ mọ́ ìwé. "Láìfi falẹ̀."

Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ oníwàásù ńláńlá, mo ti gbọ́ akọrin tó ń mú kí òrùlé mì. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí.

"O ò ní bi mí ní ìtumọ̀?" Màmá bi Quintella. "Akọ̀wé ìgbà náà máa ń bi mí."

Omijé ti ba gbogbo àtíkè ojú Quintella jẹ́. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, Màmá?"

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń dán mi wò ló fìdí rẹmi."

Wọ́n pa ìwé náà dé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ṣé mo yege?"

"Ẹ yege, Màmá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Quintella ní kò sí àyè fún un nínú ìwé kankan tí wọ́n ń lò mọ́. Màmá ní kí ó wá àyè. Ó mú ìwé funfun kan tó ní òǹtẹ̀ kóòtù lórí, ó fi kálàmù dúdú kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, ó kọ ọjọ́ sí i, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ó yí i sí Màmá, ó na kálàmù sí wọn, ó fi ìka han ibi tí wọn yóò fọwọ́ sí. Èmi náà ti di wọ́n lápá mú kí wọ́n lè fọwọ́ sí i, ká máa lọ sílé.

Màmá Ludie gba kálàmù, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná," wọ́n sọ. "Mi ò tíì kà á." Wọ́n sì fi ìka sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.